Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Ó Tàn Tí Kò Wọlé

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní kí ọmọ òun gbé kọ̀ǹpútà ìsọ̀ wọn wá bá mi ní Panṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni, ó ti lé ní ọdún méjìlá. Bí ẹ bá tàn án, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á di búlúù, á kọ 0x0000007B, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn wò ó ti sọ pé Windows inú rẹ̀ ti kú, àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ nù kí òun tó fi Windows tuntun sí i. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ti yà láti ọdún mẹ́wàá, orúkọ àwọn oníbàárà, iye tí oníkálukú ṣì jẹ wọ́n, inú ẹ̀rọ yẹn ló wà.

Kò gbà mí ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bátìrì róbótó kan tí owó rẹ̀ kò tó àwo ìrẹsì ọ̀fadà kan ni mo pààrọ̀, mo yí ohun kan ṣoṣo padà nínú BIOS (ètò kékeré inú ẹ̀rọ tó ń jí i kí Windows tó dé), ẹ̀rọ wọlé. Fáìlì kan kò sọnù. Màá ṣàlàyé rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń dùn mí pé fọ́máàtì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ bá fọ́máàtì dànù kì í sábà padà.

Bàbá mi ń tún rédíò ṣe ní Láfẹ́nwá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí wọ́n bá gbé rédíò tí kò sọ̀rọ̀ wá, ìdí wáyà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á máa tẹ̀lé iná lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi bá ibi tí ó ti já. Ọ̀nà kan náà ni mo ń tọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, iná ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́) àti RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) á jí, BIOS á ka ètò tí wọ́n fi sí i, á wá hard disk tí fáìlì ń gbé, Windows ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ yín dúró sí lójú ọ̀nà yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ohun kan bá hàn lójú rẹ̀, ẹ fi fóònù yà á. Ó máa ń kọjá kíákíá.

Kò tàn rárá

Ẹ má tíì tú u. Ẹ so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ sókẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára stabilizer kí ẹ so ó tààrà mọ́ ara ògiri, torí mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé stabilizer gan-an ló kú. Lẹ́yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́, nítòsí ibi tí wáyà ń wọ̀, ẹ lè rí bọ́tìnnì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115. Bí ẹ bá so ó mọ́ iná ilé wa bẹ́ẹ̀, á bú gbàù.

Tó bá jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mú fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí iná tó há sínú rẹ̀ lè tán. Ẹ so ṣájà nìkan padà, ẹ tàn án láìsí bátìrì. Èyí nìkan ti jí ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù níwájú mi.

Tó bá jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù, pawa páàkì rẹ̀ (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú rẹ̀) ló kù láti dán wò. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ yọ orí wáyà ńlá oníhò 24 kúrò lára motherboard, ẹ fi kílíìpù ìwé so wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú kan, kí ẹ tó tan iná padà. Bí fáànù rẹ̀ bá yí, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì fi hàn pé ó dára tán. Ẹ fi mítà wọn wáyà yẹ́lò: ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 àti 12.6 fóòtì (volt). Pupa gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 àti 5.25. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe pawa páàkì tí kì í tẹ̀lé àwọ̀ yìí; tí ẹ kò bá rí wáyà aláwọ̀ ewé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú inú pawa páàkì. Iná ń wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn.

Fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tó lọ sí ojú kọ̀ǹpútà. Tí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀ (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà), ara káàdì yẹn ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ihò tó wà lára motherboard.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń ké nígbà tí nǹkan bá ṣe é, ohùn rẹ̀ sì nítumọ̀. Lára èyí tó ń lo Award BIOS, igbe gígùn kan àti kúkúrú méjì jẹ́ ti káàdì àwòrán. Igbe gígùn tí kò dáwọ́ dúró jẹ́ ti RAM. Lára AMI BIOS, kúkúrú mẹ́ta jẹ́ ti RAM. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka igbe náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ yín gan-an.

RAM ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi báyìí, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo gbogbo Abẹ́òkúta tí ẹnikẹ́ni kò rí Olúmọ dáadáa lókèèrè. Eruku yẹn ń wọ ihò RAM, ìpẹtà á sì dàpọ̀ mọ́ ọn. Ẹ yọ ẹ̀rọ lára iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná tó wà lára yín lè lọ, ẹ yọ RAM. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ẹ fi fọ eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀ níwá lẹ́yìn títí á fi mọ́. Ẹ nu èérún rọ́bà kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá inú ihò. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ wo àlàfo kékeré tó wà láàárín eyín rẹ̀ kí ó bá ti ihò mu, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí apá méjèèjì á fi dún. Àwọn àgbà ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti rí motherboard tó sán nítorí ẹni tó fi àtàǹpàkò méjèèjì ki RAM tó dojú kọ ẹ̀yìn wọlé.

Tí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan dán an wò, lẹ́yìn náà ẹ fi èkejì, ní ihò kan, lẹ́yìn náà ní ihò kejì. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ yọ RAM pátápátá kí ẹ tàn án bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ké, inú mi máa ń dùn: motherboard àti processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) wà láàyè, RAM ni wọ́n ń bèèrè. Tí kò bá ké rárá, tó sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ní ẹnu tó fi ń ké, ọ̀ràn náà jinlẹ̀. Ẹ wo àwọn kàpásítọ̀ tó dà bí agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí omi bá jáde lára rẹ̀ tó gbẹ, ti kú. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn motherboard tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí bí ọdún 2007. Ẹni tó mọ jíjó lẹ́ẹ̀dì irin (soldering) dáadáa lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi kọ́ṣẹ́ lára ẹ̀rọ oníbàárà.

Bátìrì róbótó

Ibi tí ẹ̀rọ ìyá aláàdìrẹ dúró sí nìyí.

Lára motherboard, bátìrì fàdákà pẹlẹbẹ kan wà tó dà bí owó onírin. CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, fóòtì 3. Òun ni kì í jẹ́ kí BIOS gbàgbé aago àti ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lára iná, kódà tí ẹ bá pa á, iná ògiri ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí NẸ́PÀ ti ń lo ọjọ́ méjì kó tó yọjú, tí a sì ń yọ gbogbo wáyà kúrò nílẹ̀ kí a tó lọ sílé lálẹ́ torí ìbẹ̀rù mànàmáná àti iná tó máa ń dé pẹ̀lú agbára, bátìrì yìí nìkan ló ń dá ẹrù náà gbé. Ó máa ń tán níbí kíákíá.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n: aago á padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́. Ẹ̀rọ lè kọ CMOS checksum error, kó ní kí ẹ tẹ F1. Àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọ́n á ní kò sí ààbò, torí lójú kọ̀ǹpútà tó rò pé ọdún 2009 la wà, ọjọ́ ìwé ẹ̀rí wọn kò tíì pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn tẹ F1 kọjá lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé kì í ṣe aago nìkan ló ń gbàgbé. Ètò kan wà nínú BIOS tí wọ́n ń pè ní SATA Mode tàbí SATA Operation, tó ń sọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà bá hard disk sọ̀rọ̀: IDE (àwọn mìíràn ń kọ ATA), AHCI, tàbí RAID. Nígbà tí wọ́n fi Windows sínú ẹ̀rọ ìyá yẹn, AHCI ló wà lórí. Bátìrì kú, BIOS gbàgbé, ó padà sí IDE tí wọ́n fi ṣe é láti ilé-iṣẹ́. Windows jí, ó ń wá hard disk lọ́nà tó mọ̀, kò bá a. Ó dà bí ẹni tó lọ sọ́jà, tó padà dé, tó rí i pé wọ́n ti gbé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ilé wà níbẹ̀, ẹrù wà nínú rẹ̀. 0x7B (0x0000007B yẹn náà ni, ní kúkúrú) ni ó fi ń sọ fún yín pé òun kò rí ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí 0x7B tàbí INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lára ẹ̀rọ àgbà, ẹ kọ́kọ́ wo aago BIOS. Láti wọ BIOS, ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete léraléra bí ẹ ṣe tàn án. Lára HP, F10 ni. Bí aago bá ti ṣìnà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ojú tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí á kọjú sókè. Tí ẹ bá ní mítà, ohun tí kò bá tó 2.8 fóòtì, ẹ má dá a padà. Ẹ padà sínú BIOS, ẹ tún aago ṣe, ẹ wá SATA Mode. Ẹ kọ èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ mú òmíràn, ẹ tẹ F10 láti fi pamọ́, ẹ wò ó bóyá á wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ mú ẹ̀kẹta. Yíyí rẹ̀ padà báyìí kì í pa fáìlì rẹ́. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ wọ inú ojú ewé RAID fúnra rẹ̀ kí ẹ máa dá nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bákan náà ni ètò Legacy àti UEFI (ọ̀nà àtijọ́ àti ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ ń gbà jí), àti èyí tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wò. Bátìrì tó kú lè da gbogbo wọn rú lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní kò sí disk

No bootable device, Boot device not found, Operating system not found: ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ yọ fílááṣì, ẹ yọ káàdì fóònù, ẹ yọ CD. Ẹ má rẹ́rìn-ín, fílááṣì tí wọ́n gbàgbé sára rẹ̀ ni ẹ̀rọ mìíràn ń gbìyànjú láti gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS kí ẹ wò ó bóyá orúkọ hard disk wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yọ wáyà SATA (èyí tó so hard disk mọ́ motherboard) ní ìdí méjèèjì, ẹ dá a padà, tàbí kí ẹ fi tuntun dán an wò. Lára àwọn tó dàgbà jùyẹn, tó ń lo wáyà IDE fẹ̀ẹ̀rẹ̀ oníhò 40, ẹ wo bóyá eyín kan tẹ̀.

Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ó bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ẹ pa á. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Mo ní láti sọ èyí. Ní ọdún kejì tí mo dá dúró, olùkọ́ kan gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, èsì ìdánwò kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó ń lọ́ra, kò wọlé tán. Mo fi chkdsk /r sí i (àṣẹ Windows tó ń ka gbogbo ara disk kó lè tún un ṣe), mo lọ jẹun. Hard disk náà ń kú lọ. Wákàtí mélòó kan tí mo fi ní kó máa ka gbogbo ara rẹ̀ ló parí rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, kò tún yọjú nínú BIOS mọ́. Olùkọ́ yẹn kò bínú sí mi, èyí tó tún wá dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, n kì í tún hard disk ṣe kí n tó kó ohun inú rẹ̀ jáde.

Bí mo ṣe ń kó o nìyí. Mo ní fílááṣì kan tí mo fi Linux Mint sí, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe. Màá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀ (F12 ni ó ń ṣí ibi tí a ti ń yan fílááṣì lára Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, lára HP, Esc tàbí F9), màá yan pé kí n lò ó láìfi sínú ẹ̀rọ, màá ṣí hard disk bí àpò, màá kó Documents, Desktop, Pictures sórí disk mìíràn. Ohun tí kò ṣeé rí gbà padà ni mo ń kọ́kọ́ kó, orin àti fíìmù á dúró. Tí ẹ̀rọ kò bá jí rárá, mo ń yọ hard disk, màá fi wáyà tó ń sọ SATA di USB so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Tí ó bá ń dún kẹ́ kẹ́ tí ẹrù inú rẹ̀ sì ṣe pàtàkì gan-an, ẹ dẹ́kun títàn án, ẹ gbé e fún ẹni tí ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Windows fúnra rẹ̀

Ó ku Windows wàyí, ó sì rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Lára Windows 7, ẹ máa tẹ F8 kí àmì rẹ̀ tó yọ, ẹ yan Safe Mode, níbi tí Windows ti ń ṣí pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní. Bí ó bá wọlé bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ fi sí i gbẹ̀yìn ni kí ẹ yọ. Lára Windows 10, F8 kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì pa á bí ó ṣe ń ṣí, lẹ́ẹ̀mẹta, á gbé ojú ewé àtúnṣe wá fúnra rẹ̀.

Tí ó bá kọ BOOTMGR is missing, ẹ wá DVD tàbí fílááṣì Windows irú èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ yan Repair, ẹ dé Command Prompt (ojú ewé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan:

bootrec /fixmbr
bootrec /fixboot
bootrec /rebuildbcd

Ìkẹta á bi yín bóyá kí ó fi Windows tó rí kún àkọsílẹ̀. Ẹ tẹ Y. XP tó kọ NTLDR is missing ní tirẹ̀: láti inú Recovery Console ni ẹ ó ti tẹ fixmbr àti fixboot, tí ẹ ó sì tún da ntldr àti ntdetect.com kọ láti inú àpò i386 tó wà lórí CD. Ìgbà yìí ni chkdsk wúlò, nígbà tí fáìlì ti wà níbi tó láàbò. Ẹ fi àṣẹ dir wo ohun tó wà lórí disk kí ẹ tó tẹ chkdsk, torí nínú ojú ewé àtúnṣe, disk C lè máà jẹ́ C tí ẹ mọ̀.

Tí ẹ bá wá rí i pé Windows tuntun ló kù, ẹ̀rọ tí kò ní UEFI nílò fílááṣì tí ẹ fi Rufus (ètò tó ń gbé Windows sórí fílááṣì) ṣe pẹ̀lú MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín disk, kì í ṣe GPT tó jẹ́ ọ̀nà tuntun. Ihò USB dúdú ni kí ẹ lò fún Windows 7, torí kò mọ ihò búlúù láti ilẹ̀. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń bèèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan) tí àwọn àgbà ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé tó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, Linux Mint Xfce ni mo ń fi sí i bí RAM rẹ̀ bá tó 4GB. Mo máa ń jókòó ti oníbàárà fún wákàtí kan kí wọ́n mọ̀ ọ́n lò.

Bí ẹ̀rọ bá wọlé, ẹ má tíì dá a padà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tàn án nígbà tó ti tutù. Ẹ wo aago. Ti ìyá aláàdìrẹ sùn lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ méjì, ó wọlé láàárọ̀ méjèèjì, aago rẹ̀ kò yẹ̀. Mo kó àwòrán àdìrẹ wọn sórí disk kan tí wọ́n rà, mo kọ "AHCI" àti ọjọ́ tí mo pààrọ̀ bátìrì sórí pépà kékeré, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀rọ náà fún ẹni tó bá tún máa ṣí i.